Ọkọ̀ Tó Mumi Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbọ́n omi jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ló wà á wọ omi kí èmi àti ọkọ̀ náà tó mọra. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo tú imú ọkọ̀ kúrò níbi tí àwọn tó ṣe é fi í sí, tí mo gbé e lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo sì pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, Kétu sì ni ilé mi. Ẹni tó bá ti ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jìjàkadì tipẹ́ máa ń rò pé kò sí irin tí òun ò lè tú kí òun sì tò ó padà. Bàbá mi náà ní Volkswagen ìjàpá kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ọkùnrin méjì sì lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, ibẹ̀ náà sì ni ìgbéraga mi ti bẹ̀rẹ̀.

Golf 3 ni ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí. Ta ni ò mọ Golf 3 l'Ékòó? Òun ni wọ́n fi ń ṣe kábúkábú, òun ni wọ́n ń di apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí ní Mile 12 títí ìdí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni a gbé fún irin tí wọ́n bí ní Jámánì, tó gba Kútọnu wọlé. Àmọ́ tèmi kì í ṣe Golf gbogboogbò. VR6 ni. Lítà 2.8, písítìnì mẹ́fà, agbára ẹṣin 174, nínú ọkọ̀ tí kò ju ọkọ̀ ìyàwó tíṣà lọ. Àwọn ará Jámánì fi V àti R sọ orúkọ ẹ́ńjìnnì náà nítorí pé kò ya apá méjì gbọnrangandan bíi V, kò sì tò sórí ìlà kan ṣoṣo bíi tàwọn tó kù. Dígírì 15 péré ni igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ mẹ́fà tó sùn lórí ẹní kan, tí wọ́n fún ara wọn débi pé aṣọ ìbora kan ló bo gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe wà nínú búlọ́ọ̀kù náà nìyẹn, tí tọ́ọ̀pù sílíńdà kan ṣoṣo sì bò wọ́n. Ìró rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í han bíi ti ọkọ̀ kéékèèké. Ó ń kùn ni, bí ẹni tó ń fi imú kọrin nínú yàrá.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fẹ́ ta VR6 fún, ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà. Márùn-ún ni ti òjúlówó. Golf 3 oní-1.8 tí wọ́n lẹ àmì VR6 mọ́ ìdí rẹ̀, mẹ́rin lẹ máa bá níbẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀ kí n tó lọ rà á, mo sì rò pé ó tó.

Òjò ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, kò sí ará Èkó tó gbàgbé rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ pé ọkùnrin kan lápá Agílítì fẹ́ ta VR6 tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, ṣé omi wọ̀ ọ́? Ó ní, “Omi kàn fọwọ́ kan táyà ẹ̀ ni. Bátìrì ló kú.” Nígbà tó rí i pé mò ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń pa orí ọmọ, ó fi kún un pé, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀yin lẹ máa bù ú sí i.” Mo san ₦230,000. Ìgbà tí wọ́n fi ọkọ̀ agbókọ̀ gbé e dé àgbàlá mẹkáníìkì tí mo ti gba àyè lẹ́yìn Alápẹrẹ ni mo tó fa bẹ́líìtì àga awakọ̀ jáde títí dópin. Ẹrẹ̀ ti fa ìlà sí i lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi èjìká. Ìṣẹ́jú kan péré ni wíwò yẹn gbà mí. Ó yẹ kí n wò ó kí n tó yọ owó lápò.

Nǹkan mìíràn wà tí mo ní láti jẹ́wọ́ nípa owó yẹn. ₦150,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó àjọ tí èmi àti ìyàwó mi ń dá sílẹ̀ de owó ilé. Mo sọ fún un pé oníbàárà kan ló jẹ mí ní gbèsè, tó wá fi ọkọ̀ dí i. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ kú oríire, Bàbá Ìbejì.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kan bá mi yí kọ́kọ́rọ́. Omi tú jáde láti inú ihò bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Ọ́ìlì tí mo dà sílẹ̀ funfun bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó padà ní àwọ̀ ọ́ìlì. Iṣẹ́ Ṣómólú ò jẹ́ kí n lè ráyè bó ṣe wù mí, títí di oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ₦65 sí nǹkan bíi ₦141. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 9. Èrò kún Ọjọ́tà, ní pápá Gani Fawehinmi, tí kò jìnnà sí wa rárá. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, mo pariwo pẹ̀lú àwọn èèyàn. Àwọn ọjọ́ tó kù, abẹ́ Golf ni mo wà. Ẹ̀gàn ńlá ni, mo mọ̀: ìlú ń sunkún epo, èmi ń jí ọkọ̀ tó máa mu ún bí ẹni mu ẹmu dìde. Lọ́jọ́ tí wọ́n so ìdáṣẹ́sílẹ̀ rọ̀, tí epo bọ́ sí ₦97, lọ́jọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì náà sítáàtì. Gbogbo àgbàlá hó yèè.

Bàbá Rìwáyà nìkan ni kò hó. Bàbá tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe nínú àgbàlá náà ni, àgbà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ju àga onípákó kan àti àpótí kan lọ. Ó ní, “Àbúrò, o ti wọn kọ́mpúréṣàn ẹ̀?” Mo ní mi ò tíì wọ̀n ọ́n, sà. Ó ní kí n wọ̀n ọ́n.

Mo yá géèjì. Mo wọ̀n ọ́n lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Márùn-ún nínú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń sáré láàárín 168 sí 175. Ẹ̀kẹta fi 118 hàn. Mo tún un wọ̀n. 118.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn náà. Iṣẹ́ písítìnì ni láti gun òkè kó sì fún afẹ́fẹ́ mọ́ra; nínú VR6, ó ń fún un dé ìdá kan nínú mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ máa ń gbà. Omi ò gbà. Bí omi bá kún inú sílíńdà tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí, písítìnì á gun òkè bá ohun tí kò ṣeé fún, ohun kan sì ní láti tẹ́ríba. Kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kìránkì, òun ló máa tẹ̀. Irin tó bá ti tẹ̀ ti kúrú díẹ̀, písítìnì rẹ̀ ò ní lè dé òkè bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, fífún rẹ̀ á sì dínkù. 118 túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí omi wà nínú rẹ̀. Kí n tú ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ pátápátá ló yẹ. Mo sọ fún ara mi pé ríǹgì ló rọ̀, pé tí mo bá ń wà á á le padà. Nígbà tí Bàbá Rìwáyà bi mí lọ́jọ́ kejì, mo ní, “Gbogbo ẹ̀ dọ́gba, sà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irọ́ yẹn fi rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé àbúrò ìyàwó mi sí ẹ̀gbẹ́, a gun Afárá Kẹta, mo sì fẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń kùn. Afárá náà gùn ju kìlómítà 11 lọ, ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ojú géèjì wà lórí 160. Mo gbọ́ “gbàgà!” lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi òòlù gbá ilẹ̀kùn irin, èéfín bo iwájú wa. Kọ́nrọ́ọ̀dù ẹ̀kẹta ti já, ó ti gba ara búlọ́ọ̀kù jáde síta. Ihò ibẹ̀ gba ìkúùkù mi. Gbogbo ọ́ìlì ọkọ̀ tú sílẹ̀ lójú afárá, dánfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin kó tó dúró. Èrò inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣépè fún mi, wọ́n sì jàre. Bí mo bá ń rántí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, iye owó kọ́ ló ń jí mi lóru. Dánfó yẹn ni.

Àbúrò ìyàwó mi ló sọ nílé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, owó àjọ náà jáde.

Mo lè ti pa ọkọ̀ náà tì níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n á tà á fún àwọn onírin ní Owódé Onírin, tí wọ́n ń wọ̀n án ní kílò. Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Ládípọ̀, mo ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjọ̀ọ̀mù, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń pe èyí tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun, ìyàwó mi sì mọ iye rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo wọn kọ́mpúréṣàn rẹ̀ nínú ọjà, lórí ilẹ̀, kí n tó sanwó. Ọlọ́jà bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣáà wọ̀n ọ́n. Mo sì ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ní VR6 gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà níta: mo pààrọ̀ ṣéènì. Níwájú ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ń gbé ṣéènì tiwọn sí. Ti VR6 wà lẹ́yìn, lápá gíábọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ti gbé e wọ inú ọkọ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ máa tún gíábọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ ni.

Iná ló gba sùúrù jù. Bí mo bá tẹ fèrè, iná ẹ̀yìn á ṣẹ́jú. Bí mo bá fi tíráfíkétọ̀ sọ́tùn-ún, ọwọ́ géèjì epo á já wálẹ̀. Mo ti fẹ́ lọ ra bíréènì bọ́ọ̀sì tuntun kí Bàbá Rìwáyà tó dá mi dúró. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fún fóòmù abẹ́ rẹ̀ bí ẹni fún aṣọ, omi ṣàn jáde. Ó ti lé ní ọdún kan tí òjò yẹn rọ̀! Òórùn ẹja kún inú àgbàlá. Ó wá ń tọ àwọn ibi tí wọ́n ti de wáyà áàtì mọ́ ara bọ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo wọn. Ó ní, “Iná dà bí àlejò. Tí o bá tilẹ̀kùn tó yẹ kó gbà jáde, yàrá ìyàwó rẹ ló máa gbà kọjá.” Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé áàtì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gé orí wáyà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ibi tí bàbà ti pọ́n, ó ń fi sáńpépà ha ojú irin, ó ń fi fasilíìnì pa á. Ọjọ́ mọ́kànlá. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ló gbà kí n bá òun dì mú. Lọ́jọ́ kẹta ni mo jẹ́wọ́ 118 fún un. Ó ní òun ti mọ̀, pé ẹni tí kọ́mpúréṣàn ọkọ̀ rẹ̀ bá dọ́gba máa ń ka nọ́ńbà náà fún ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Ọkọ̀ ń sáré, ara mi yá, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ti rí i nínú àwòrán àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì pé Golf wọn máa ń lọ sílẹ̀ débi pé táyà wọ abẹ́ bọ́dì. Mo fi ẹ̀rọ gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyípo kan àti ààbọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ló mọ ẹwà ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo wà á gun bọ́ọ̀mpù kan táwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ lálẹ́ ní Ìkòsí, mo sì gbọ́ kí ìsàlẹ̀ ké. Alumíníọ̀mù ni abọ́ ọ́ìlì VR6. Kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí iná ọ́ìlì tó tàn. Ìyẹn ni Afárá Kẹta kọ́ mi. Àwọn alájórin ní Owódé Onírin jó o lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà, nítorí pé ọ́ìlì ti wọnú alumíníọ̀mù náà lọ, iná kì í sì í fẹ́ dì mọ́ ohun tí ọ́ìlì bá ti mu.

Síbẹ̀, mo tún gbé imú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tútù nípọn ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, ẹ́ńjìnnì tó bá ń fà á símú á lágbára sí i díẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà àwọn tó fẹ́ràn eré máa ń yọ àpótí fíítà kúrò lókè, wọ́n á fi páìpù gígùn gbé fíítà lọ sẹ́yìn bọ́ńpà, nísàlẹ̀, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ò dé. Mo ṣe tèmi. Ìyàwó mi jáde wá bù omi, ó wò ó, ó bi mí pé kí ni. Mo ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà mí. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, imú lẹ gbé sẹ́sẹ̀ yẹn o.” Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí kò mọ ọkọ̀, mo ní nínú ọkàn mi.

Ibo ni mò ń gbé ná? Kétu. Odò Ògùn ló ń gba Ìṣẹrì sọ̀ kalẹ̀, tó ń gba ẹ̀yìn Mile 12 lọ sínú ọ̀sà. Láti ìgbà tí ìsédò Ọ̀yán ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, tí wọ́n bá tú omi rẹ̀ sílẹ̀ lápá Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ fi ń wọlé ara wọn. Bí odò ò bá tilẹ̀ kún, òjò wákàtí méjì tó láti sọ ọ̀nà di adágún. Mo mọ gbogbo èyí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, mo sì gbé imú ọkọ̀ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ní ìlú tí omi kì í dúró lójú títì ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹfà ọdún 2013, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojú ọ̀nà Ìkòsí. Omi ò tiẹ̀ dé ìdajì táyà. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, ó rọ́ ìgbì sí iwájú mi. Ọkọ̀ fà á símú lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn pé, “Sítáàtì í! Sítáàtì í kí omi má bàa wọ̀ ọ́!” Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo jù ú sápò, mo bọ́ sínú omi. Àwọn ọmọ àdúgbò bá mi tì í dé iwájú ilé ìjọsìn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo yọ pulọ́ọ̀gì. Sílíńdà méjì ti mu omi. Mo gbọ́n ọn, mo mú un gbẹ, mo wọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n: 170, 172, 169, 171, 170, 168. Mo kọ wọ́n sórí bébà ìtẹ̀wé kan, mo gbé e fún Bàbá Rìwáyà kó tó béèrè.

Ọkọ̀ náà ò jọ èyí tó wà nínú àwòrán mọ́. Àpótí fíítà ti padà sókè. Sípíríǹgì tí mo fi sí i jẹ́ kó ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ìka méjì gbáko. Àwo irin tí wọ́n gé fún mi ní Owódé Onírin ló bo abọ́ ọ́ìlì. Páìpù oníke tó ń gbé omi gba iwájú ẹ́ńjìnnì, èyí tó máa ń sán nígbà tí ooru bá ti lò ó pẹ́, mo ti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Búrékì ni mo náwó lé lórí jù, kò sì sẹ́ni tó ń rí i. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń kọjá lára rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, àfi tí mo bá sítáàtì í. Ìwé kan wà tí mo fi ń kọ gbogbo ìnáwó sí. Nígbà tó kọjá ₦900,000, mo jáwọ́ nínú kíkọ. Orúkọ àdúgbò wa, tí mo bá ti gbọ́ Kòsọ́fẹ́ báyìí, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni “kò sí ọ̀fẹ́.”

Ní 2016 ẹnì kan wá wò ó láti rà á. Ó bi mí bóyá omi ti wọ̀ ọ́ rí. Mo ní rárá. Ó yí i ká, ó bi mí bó ṣe ń mu epo sí, mo sọ fún un, ó sì lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí epo di ₦488 l'Ékòó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo tún pinnu láti tà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ògùdù, ó ka nọ́ọ̀tì táyà kó tó kí mi dáadáa. Ó fa bẹ́líìtì àga jáde dópin. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́, ó mọ́ tónítóní. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé omi ti wọ ọkọ̀ yìí rí?”

Mo ní, “Lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó ní òun ń bọ̀. Ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ gbé ọkọ̀ náà gun ilẹ̀ gíga, pé òkè ti ṣú lápá Ìṣẹrì.